Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Lẹ́sìn Ọ̀fẹ́ Sílẹ̀ Ládùúgbò Yín Fún Ọmọ Tí Kò Tíì Mọ̀wé Kà

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nítòsí Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn, mo pe ọmọkùnrin kan tó gbé ẹ̀pà sórí, mo ra ti ₦200 lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í pé kíláàsì wo ló wà. Ó ní pámárì fáìfù. Ìwé kíkà rẹ̀ wà nínú àpò tó gbé kọ́ èjìká, mo ní kó kà á fún mi. Ó ka odindi ojú ewé kan láìkọsẹ̀. Mo rọra fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ewé náà, ó ṣì ń kà á lọ. Ó ti há a sórí látòkèdélẹ̀. Mo wá kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "ìyá", sẹ́yìn ọwọ́ mi. Ó wò ó títí, kò lè pè é, ló bá gbójú sílẹ̀.

Ó ti tó ọdún 19 tí mo ti ń ṣe tíṣà níléèwé ìjọba nígbà náà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti gba ọwọ́ mi kọjá, mo sì ti fún wọn ní máàkì tí wọ́n fi bọ́ sí kíláàsì tó kàn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣe lẹ́sìn ọ̀fẹ́ nínú àgbàlá ilé wa. Bí a ṣe ń ṣe é ni mo kọ síbí, kí ẹ̀yin náà lè dá tiyín sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, àwọn ọmọ tó wà ní pámárì lọ́dún náà sì lé ní 800,000. Òfin UBE, ìyẹn òfin ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti ọdún 2004 tún sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan kárí Nàìjíríà, ọdún 6 ní pámárì, ọdún 3 ní JSS. Síbẹ̀, UNICEF ti sọ rí pé àwọn ọmọ ọdún 5 sí 14 tí kò sí níléèwé ní Nàìjíríà tó mílíọ̀nù 10.5, a ò sì tíì ka irú ọmọ ẹlẹ́pà yẹn mọ́ wọn. Ilẹ̀kùn iléèwé ti ṣí tipẹ́. Lójú tèmi, ohun méjì ló ń dá ọmọ tálákà dúró lẹ́nu ọ̀nà: àkókò rẹ̀, tó jẹ́ ti ọjà ìyá rẹ̀, àti ẹ̀kọ́ tí a ń bẹ̀rẹ̀ láti òkè nígbà tí òun ṣì wà nísàlẹ̀. Nítorí ohun méjì yìí ni mo ṣe to ìgbésẹ̀ wọ̀nyí bí mo ṣe tò wọ́n.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ rìn yí àdúgbò ká kí ẹ tó ra ṣọ́ọ̀kì

Ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ kan dání. Ẹ jáde ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Túsìdeè tàbí Wẹ́sìdeè. Ọmọ tí ẹ bá rí nígboro lákòókò yẹn, tí kì í ṣe ọlidé, iléèwé kò mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ẹ tún jáde ní aago mẹ́ta ọ̀sán, kí ẹ lè rí àwọn tó lọ síléèwé àmọ́ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, igbá ọjà ló kàn. Ẹ yà sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, àwọn télọ̀ àti àwọn onídìrí, nítorí àwọn ọmọ iṣẹ́ wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í kà mọ́ ọmọ iléèwé mọ́. Ẹ má gbàgbé ọmọ ọ̀dọ̀. Ó ṣòro láti rí i, torí inú ilé ló wà, àmọ́ ìdí ẹ̀rọ omi lẹ ti máa bá a pàdé.

Orúkọ ọmọ, ọjọ́ orí rẹ̀, ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, àti wákàtí tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń dilẹ̀: ìwọ̀nba nìyẹn lẹ ó kọ. Bí ẹ bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, ẹ má gbà ju ọmọ 20 lọ. Èmi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 43, nítorí ojú ń tì mí láti dá ọmọ padà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti di ariwo lásán.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ bá ìyá ọmọ sọ̀rọ̀ bí ọlọ́jà ṣe ń bá ọlọ́jà sọ̀rọ̀

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń fọ́. Àwa tíṣà a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìyá náà kò fẹ́ràn ìwé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì pàdé ìyá kan ní ọjà tí kò fẹ́ kí ọmọ òun mọ̀wé. Ohun tó mọ̀ ni pé ẹ̀pà tí ọmọ náà ń kiri ni owó ọbẹ̀ alẹ́ yóò ti jáde, ìṣírò rẹ̀ sì tọ̀nà.

Ẹ má lọ bá a nígbà tí ọjà ń yá. Ẹ dúró dìgbà tí àtẹ bá dákẹ́. Ẹ kí i dáadáa: "Ẹ kú ọrọ̀ ajé o, ajé á wọ igbá." Ẹ ra nǹkan díẹ̀ bí agbára bá gbé e. Ẹ wá yin ọmọ náà lójú rẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ fojú rí gan-an: "Ọmọ yín yìí yára, mo rí bó ṣe ṣírò ṣẹ́ńjì mi." Lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù lọ: "Ìyá, wákàtí wo ni ọjà yín máa ń dúró?"

Ẹ̀kọ́ tó ná mi ní ọmọ púpọ̀ ni mo fẹ́ sọ yìí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo fi lẹ́sìn sí aago mẹ́rin ọ̀sán sí aago márùn-ún ààbọ̀, nítorí ó rọ̀ mí lọ́rùn. Ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn tó ń kiri kò wá mọ́. Ìyá kan ló la ohùn sí i fún mi: "Tíṣà, aago mẹ́rin yẹn ni àwọn oníṣẹ́ ń darí bọ̀ nílé. Ìgbà yẹn la máa ń tà jù." Mo gbé e sí aago méjì sí mẹ́ta ààbọ̀ fún àwọn tó ń kiri. Wọ́n padà wá.

Fún ọmọ iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ lẹ máa bẹ̀. Ẹ bèèrè ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ dípò mẹ́rin tí àwọn yòókù ń wá, ẹ sì ṣe àlàyé pé ọmọ iṣẹ́ tó bá lè ka ìwọ̀n aṣọ tàbí nọ́ńbà páàtì mọ́tò kò ní ba ọjà jẹ́ fún un. Fún ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ má dá lọ. Ẹ mú àgbà kan ládùúgbò dání, tàbí kí ẹ jẹ́ kí Ìyálọ́jà bá yín dé ibẹ̀, nítorí ẹni tó gba ọmọ sọ́dọ̀ lè rò pé ẹ wá yọ òun lẹ́nu ni.

Òfin wà lóòótọ́ tó sọ pé kí òbí fi ọmọ síléèwé, ìtanràn sì wà nínú rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìyá tí ẹ ń wá ojú rere rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ibi tí ẹ ó ti máa ṣe é

Abẹ́ igi tó níbòòji tó, bákan náà ni fàráńdà, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ọgbà mọ́ṣáláṣí. Kí omi wà, kí ilé ìyàgbẹ́ wà nítòsí, kí ó má jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ọ̀kadà ń gbà. Ẹ kun pákó pẹlẹbẹ ní ọ̀dà dúdú, pátákó ìkọ̀wé dé nìyẹn. Páálí tí àwọn onísọ́ọ̀bù ń jù nù ni a fi ń gé káàdì, ìdérí ìgò mínírà la fi ń kọ́ wọn ní ìṣírò. Àwọn ọmọ wa jókòó lórí ẹní fún ọdún méjì kí ẹnì kan tó fún wa ní bẹ́ǹṣì.

Ọ̀rọ̀ ààbò ọmọ kì í ṣe ohun tí à ń fi falẹ̀. Àgbàlagbà méjì ni kó máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan nínú yàrá tí a tilẹ̀kùn, ì báà jẹ́ ọkùnrin, ì báà jẹ́ obìnrin. Kí àwọn ọmọbìnrin délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má gbé àwòrán ojú wọn sórí Facebook láti fi tọrọ owó; ọmọ tó ń kiri ẹ̀pà lónìí yóò dàgbà lọ́la, àwòrán yẹn ò ní kúrò níbẹ̀. Kò sí ẹgba nínú lẹ́sìn yìí pẹ̀lú. Ọmọ tí wọ́n ti nà nítorí ìwé rí, ẹ̀rù ìwé ló kọ́kọ́ kọ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yẹ ọmọ kọ̀ọ̀kan wò lójú ara rẹ̀

Ẹ má béèrè kíláàsì tó wà. Ẹ gé páálí mẹ́rin. Lórí èkíní, ẹ kọ lẹ́tà mẹ́wàá gàdàgbà: a, b, ẹ, gb, m, ọ, ṣ, t, w, y. Lórí èkejì, ọ̀rọ̀ kéékèèké mẹ́wàá: ilé, omi, ata, ọjà, iṣu, bàtà, igbá, epo, ajá, ẹja. Lórí ẹ̀kẹta, gbólóhùn mẹ́rin kúkúrú, irú bíi "Ajá náà sùn sábẹ́ tábìlì." Lórí ẹ̀kẹrin, ìtàn tí ọmọ náà kò tíì rí rí. Tiwa nìyí:

"Ìyá àgbà ní ewúrẹ́ kan. Ewúrẹ́ náà já okùn rẹ̀ ní òwúrọ̀. Ó wọ oko, ó jẹ ewé ẹ̀gẹ́. Olóko lé e padà sílé. Ìyá àgbà so ó mọ́ igi."

Ẹ pe ọmọ kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, jìnnà sí etí àwọn yòókù. Láti orí gbólóhùn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá kà á láìfi bẹ́ẹ̀ kọsẹ̀, ẹ fún un ní ìtàn. Bí kò bá lè kà á, ẹ padà sí ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá tún ṣòro, ẹ padà sí lẹ́tà. Ọmọ tó bá mọ mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ti borí ipele yẹn. Kò yẹ kó gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Bó bá ṣì í, ẹ má tún un ṣe, ẹ má mí kanlẹ̀, ẹ má sọ pé "àh-ah!" Ẹ kàn rẹ́rìn-ín, ẹ kọ ipele rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tó bá ka ìtàn náà tán, ẹ bi í pé, "Kí ló dé tí olóko fi lé ewúrẹ́ yẹn?" Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kíkà rẹ̀ kò tíì dénú.

Ọgbọ́n kan wà níbí tí mo ti rí èrè rẹ̀. Kí ọmọ tó kà, ẹ ní kó dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí pátákó, kó fi ọwọ́ bo ojú kan, kó sọ ohun tó rí, kó tún bo èkejì. Ọmọbìnrin kan tí gbogbo ayé ń pè ní olódo, ojú ló ń dùn ún. A mú un lọ sí ọsibítù ìjọba, wọ́n fún un ní gíláàsì. Ó ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kí ọdún tó parí.

Ìgbésẹ̀ 5: Ipele ni kí ẹ fi pín wọn

Ọmọ ọdún 12 tó wà ní ipele lẹ́tà yóò jókòó pẹ̀lú ọmọ ọdún 8 tó wà ní ipele lẹ́tà. Ìtìjú lè fẹ́ mú ọmọ ńlá náà. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé mo máa ń fún un ní iṣẹ́ olórí: òun ló ń pín síléètì, òun ló ń pa pátákó rẹ́. Kì í pẹ́ tí yóò fi gbàgbé ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí.

Èmi kọ́ ni mo dá ọgbọ́n ìpele yìí. Àjọ Pratham, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín àwọn ọmọ tálákà ìlú Mumbai ní Íńdíà ní 1995, ló sọ ọ́ di nǹkan tí gbogbo ayé mọ̀: kí a pa kíláàsì tì fún wákàtí mélòó kan lóòjọ́, kí a kó ọmọ jọ gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n lè kà. Abhijit Banerjee àti Esther Duflo, tí wọ́n wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 2019, wà lára àwọn tó yẹ iṣẹ́ náà wò fínnífínní, wọ́n sì rí i pé ó ń ran àwọn ọmọ tó ti rẹ̀yìn lọ́wọ́. Ohun tó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni pé àwọn ọ̀dọ́ ládùúgbò lásán ló ń kọ́ àwọn ọmọ náà, wọn kì í ṣe tíṣà tó ní ìwé ẹ̀rí.

Nítorí náà, ẹ wá olùrànlọ́wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ yín. Àwọn ọmọ SS2 lè mú ipele lẹ́tà. Àwọn àgùnbánirọ̀ ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Ẹ lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń pàdé. Ẹ kọ́ wọn ní iṣẹ́ fún ọjọ́ méjì kí wọ́n tó dúró níwájú ọmọ.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ kọ́ wọn ní kíkà láti inú ẹnu ara wọn

Òbí yóò bi yín pé, "Ṣé Yorùbá lẹ fẹ́ kọ́ ọmọ mi? Ṣebí èyí tó ń sọ nílé náà ni?" Ẹ sọ ti Mọdákẹ́kẹ́ fún wọn. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan níléèwé St. Stephen's 'A' ní Mọdákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣírò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn yòókù, tí tíṣà tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi wé wọn bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta. Àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ dé òpin ló ṣe dáadáa jù, títí kan inú Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Mo ti rí i kí ojú ìyá yí padà nígbà tí mo sọ èyí tán.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ ní kí ọmọ kan sọ ohun tó ṣe lónìí. Ó ní, "Mo ń ta ẹ̀pà." Ẹ kọ ọ́ sórí pátákó bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ fi igi tọ́ka sí i, kí gbogbo wọn kà á pẹ̀lú yín. Inú ọmọ náà yóò dùn. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti di ìwé. Ẹ kọ gbólóhùn náà sórí páálí, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e sí ọ̀rọ̀, ẹ dà wọ́n rú, kí ó tò wọ́n padà. Ẹ tún gé ọ̀rọ̀ sí bí ẹnu ṣe ń dá a: mo / ń / ta / ẹ̀ / pà.

Láti orí "ta", ẹ kọ ìlà yìí: ta, te, tẹ, ti, to, tọ, tu. Láti orí "pà": pa, pe, pẹ, pi, po, pọ, pu. Kí wọ́n pàtẹ́wọ́ sí i, kí wọ́n fi kọrin. Ẹ wá sọ pé, "Ẹ bá mi fi àwọn wọ̀nyí ṣe ọ̀rọ̀." Ẹ ó rí ata, epo, tata, pápá. Nígbà tí ọmọ tó wà ní ipele lẹ́tà bá rí i pé òun ti ka "epo" tí ẹnì kankan kò kọ́ òun, ẹ wo ojú rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ láti "ta" dípò "a, bí, dí" ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ mọ orin lẹ́tà 25 náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn kò sì lè kà. Bí ọmọ bá ń pe b ní "bí", báwo ni "bí" àti "a" yóò ṣe di "ba" létí rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ "ba" lódindi. Orúkọ lẹ́tà lè tẹ̀lé e nígbà tó bá yá. Kí wọ́n sì mọ̀ pé lẹ́tà kan ṣoṣo ni gb. Ọmọ tó bá ń pín in sí méjì kò ní lè ka "igbá" láéláé.

Àmì ohùn ńkọ́? Àwọn tíṣà kan ní ó le, kí a fò ó. Èmi ò gbà. Ọmọ Yorùbá ti mọ ohùn láti inú ìyá rẹ̀ wá. Àmì nìkan ni kò mọ̀. Ẹ fi dò, re, mí kọ́ ọ, kí ọwọ́ wálẹ̀ fún dò, kó dúró láàárín fún re, kó lọ sókè fún mí. Ẹ kọ igbá, igba, ìgbà àti igbà sórí pátákó, kí wọ́n fi ọwọ́ kọ orin wọn, kí wọ́n sì sọ èyí tí a fi ń bu omi, èyí tí a ń kà, èyí tí ń lọ tí kì í padà, àti èyí tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Àwọn ọmọ wa fẹ́ràn eré yìí débi pé wọ́n ń ṣe é lọ sílé.

Ní ìparí lẹ́sìn kọ̀ọ̀kan, ẹ ka ìtàn fún wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ yín, kí wọ́n máa wo ìwé náà bí ẹ ṣe ń kà á. Ní ilé ọ̀pọ̀ wọn, wọn kò tíì rí i kí àgbàlagbà ka nǹkan fún ọmọ rí.

Gẹ̀ẹ́sì ń bọ̀ nígbà tí ọmọ bá ti lè ka ìtàn ní Yorùbá. Ẹ kìlọ̀ fún un pé p inú "pen" kò dún bíi p inú "pápá", pé ẹ ni e inú "pen" dún bí, àti pé c, q, v, x àti z jẹ́ àlejò tí Yorùbá kò ní. Ìyókù yóò yá ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìṣírò wà nínú igbá wọn

Ọmọ tó ń kiri mọ ìṣírò ju bí ìwé rẹ̀ ṣe fi hàn lọ. Ní ìlú Recife ní Brazil, àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1985: àwọn ọmọ tó ń tajà nígboro ń gba ìṣirò ọjà lórí ìdúró, àmọ́ nígbà tí wọ́n kọ irú ìṣirò kan náà fún wọn sórí bébà, ọ̀pọ̀ ló ṣì í. Mo gbé e dán wò. Mo bi ọmọbìnrin kan pé, bí mo bá ra ẹ̀pà ₦350, tí mo fún un ní ₦1,000, èló ni ṣẹ́ńjì mi? Kò tíì tó ìmísí kan: "₦650." Mo kọ 1,000 − 350 sórí síléètì, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n.

Mo ní kó sọ bó ṣe ṣe é lẹ́nu. Ó ní, "Àádọ́ta á sọ ọ́ di irinwó, ọgọ́rùn-ún á sọ ọ́ di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta á sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rún." Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́: 350 + 50 = 400, 400 + 100 = 500, 500 + 500 = 1,000. Ẹ ní kó kó 50, 100 àti 500 pọ̀. Ìgbà tó bá ti rí ọ̀nà tirẹ̀ lórí bébà ni kí ẹ tó fi ọ̀nà iléèwé hàn án. Orúkọ òǹkà wa gan-an ń ràn wọ́n lọ́wọ́: àádọ́tadínnírinwó ni 350, ọ̀rọ̀ náà ti sọ pé àádọ́ta ló kù kó pé 400. Ṣàṣà ni tíṣà tó ń lo ẹ̀bùn yìí.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ jẹ́ kí ó mọ níwọ̀n

Ìṣẹ́jú 90 ni tiwa: mẹ́wàá fún orin, 40 fún kíkà, 30 fún ìṣírò, mẹ́wàá fún ìtàn. Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Wákàtí 60 nìyẹn, ọmọ púpọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti ipele lẹ́tà sì ń ka gbólóhùn kó tó parí bí kò bá pa ọjọ́ jẹ.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ̀wà tí a sè pẹ̀lú epo díẹ̀, tàbí gaàrí àti ẹ̀pà, ti tó. Àwọn ìyá ló ń sè é láṣegbà lọ́dọ̀ wa, kì í sì í wọ́n wa lọ́rùn nítorí pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ń mú ohun tó ń tà wá.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ mú wọn dé ẹnu ọ̀nà iléèwé

Lẹ́sìn yìí kò lè rọ́pò iléèwé. Ọmọ tí kò bá sí níléèwé rárá, ẹ bá òbí rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ hedimásítà kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ìwé tí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò dání, kí ọmọ kà á níwájú hedimásítà, kí wọ́n lè gbé e sí kíláàsì tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Bí wọ́n bá béèrè ìwé ọjọ́ìbí tí kò sì ní, ọ́fíìsì NPC, àjọ tó ń forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ ni kí ẹ lọ.

Owó kéékèèké ló ń lé ọmọ kúrò níléèwé ọ̀fẹ́. Yúnífọ́ọ̀mù, bàtà, ìwé àjákọ, owó PTA. Iléèwé kan dá ọmọ wa mẹ́ta padà láti ẹnu géètì ní ọ̀sẹ̀ kan náà nítorí sálúbàtà. Inú bí mi púpọ̀. Mo lọ bá wọn, a jókòó, a sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́, wọ́n gbà kí àwọn ọmọ wọlé fún oṣù kan ná. Láàárín oṣù náà, télọ̀ kan ládùúgbò rán yúnífọ́ọ̀mù fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn òbí tí ọmọ wọn ti jáde pámárì sì fún wa ní bàtà tó ti kéré sí àwọn ọmọ náà. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú iléèwé tí wọn kò gbọ́, akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ wà ní ìjọba ìbílẹ̀, SUBEB, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ìpínlẹ̀, sì wà ní olú ìlú ìpínlẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́. Ibí yìí gan-an ni òfin 2004 ti wúlò, ẹ dárúkọ rẹ̀ nínú lẹ́tà náà.

Ẹ padà lọ wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àti lẹ́yìn oṣù méjì. Oṣù kejì ni ọ̀pọ̀ wọn ń sá.

Ìgbésẹ̀ 10: Ẹ tún yẹ̀ wọ́n wò, kí ẹ sì rán kíkà náà lọ sílé

Ní ọjọ́ 40, tó jẹ́ ìparí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá náà, ẹ gbé páálí mẹ́rin yẹn jáde, ṣùgbọ́n ẹ pààrọ̀ ìtàn àti gbólóhùn. Ẹ gbé èsì tuntun sí ẹ̀gbẹ́ èsì àtijọ́. Ọmọ tí kò kúrò níbi tó wà, ẹ wá ìdí rẹ̀ lọ́dọ̀ ara yín kí ẹ tó wá a lọ́dọ̀ rẹ̀: ṣé ó ń wá déédéé, ṣé ó ń ríran, ṣé ó ń gbọ́ràn, ṣé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kọ́ ọ ni ìṣòro wà? Ẹ mú un padà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn.

Ẹni tó bá ti dé ipele gbólóhùn, ẹ fún un ní iṣẹ́ kan tí yóò ṣe nílé: kó ka ohun kan fún ìyá rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ṣírò ₦650 yẹn ka káàdì àjọ ìyá rẹ̀ fún un lálẹ́ ọjọ́ kan, orúkọ, ọjọ́ àti iye tó ti dá láti oṣù mẹ́ta. Ìyá náà kò mọ ohun tó wà lára káàdì yẹn rí, àfi èyí tí alájọ bá sọ. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó gbé àtẹ rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá wa, ó mú àbúrò ọmọbìnrin náà wá, ó sì béèrè pé ṣé àgbà náà lè jókòó sẹ́yìn.